Ṣebí wọ́n gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìlàkàkà o. Manchester la wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì lórí ẹjọ́ Meerut, àwọn kọ́múníìsì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sẹ́wọ̀n ní Íńdíà. Mo ní ìrẹ́jẹ ni, ó ní ṣebí wọ́n ní lọ́yà, ṣebí adájọ́ ló dá a, kí ló wá burú ńbẹ̀? Mi ò rí nǹkan sọ. Kí ni kí n wí fún un?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, tèmi náà ti bá mi rojọ́ báyẹn rí. Ẹ má ti orí kọ́múníìsì bẹ̀rẹ̀ rárá, ìlú tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ọ̀hún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1928 àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Bombay daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àyà ìjọba já, ìgbà tó di oṣù kẹta 1929 wọ́n kó èèyàn bí 30, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló pọ̀ ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ Bombay tàbí Calcutta ni wọ́n ti dá a, jùrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n ń yàn láti sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi, á jókòó, ìjọba ò sì fọkàn tán jùrì, ni wọ́n bá kó gbogbo wọn lọ sí Meerut níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbé rí, torí pé ńbẹ̀ adájọ́ nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀, àwọn tó bá a jókòó kàn ń gbà á nímọ̀ràn ni. Ẹ bi í pé ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn tó tún lọ ṣa ibi tí wọ́n ti máa dá a, ẹjọ́ wo nìyẹn?

Ẹ̀sùn náà tún wà ńbẹ̀ o. Ìjọba ní wọ́n dìtẹ̀ láti gba Íńdíà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, òfin yẹn ò sì ní dandan ni kó o ti ṣe nǹkan kan, kẹ́ ẹ ṣáà ti jọ gbìmọ̀ ẹ̀ ti tó. Lẹ́tà àti ìwé ni ìjọba ń kó jáde ṣáá bí ẹ̀rí. January 1933 ni ìdájọ́ tó dé, ọ̀kan nínú wọn, Muzaffar Ahmad, gba ẹ̀wọ̀n gbére, àmọ́ kí August tó tán kọ́ọ̀tù gíga tó wà ní Allahabad ti sọ ọ́ di ọdún 3, wọ́n tiẹ̀ dá àwọn kan sílẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ lọmọ yín ti rí òótọ́ díẹ̀ sọ ṣá, ṣùgbọ́n ta ló máa dá ọdún mẹ́rin tó ti lọ padà?

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé inú kọ́ọ̀tù yẹn gan-an ni wọ́n ti dúró ṣàlàyé ìlànà kọ́múníìsì, ìwé ìròyìn ń gbé e kiri, ìjọba ló gbé máíkì fún wọn. 1934 ni ìjọba wá fòfin de ẹgbẹ́ kọ́múníìsì Íńdíà tààrà.

Ẹ sọ fún un pé òyìnbó mẹ́ta wà nínú wọn o. Ọ̀kan ńbẹ̀, Lester Hutchinson, 1945 ló wọ ilé aṣòfin, Rusholme tó wà ní Manchester yín ńbẹ̀ yẹn ló ṣojú fún.