Ẹ̀gún ẹja gún mi lọ́wọ́, ó pé oṣù mẹ́ta, kò jinná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹja àrọ̀ ni mo ń tà ní Oyingbo. Ẹ̀gún ẹja gún mi ní ìka àárín ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó jinná, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó wú, kókó pupa yọ. Ó ti ń gòkè bọ̀ sí ọrùn ọwọ́ báyìí, ìka náà kò sì ṣe é ká mọ́. Mo lo Ampiclox, mo lo Augmentin, pàbó. Wọ́n ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sójú ibẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ má gbà á. Wíwú náà lè fà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ìdì ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù, kòkòrò á sì ráyè jẹ iṣan tí ẹ fi ń ká ìka.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ iṣẹ́ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Mycobacterium marinum. Ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àmọ́ inú omi àti ara ẹja ló ń gbé, ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé. Kì í ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Egbò tí kòkòrò lásán bá wọ̀ á gbóná, á sì mú ọyún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí máa ń fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan. Ọwọ́ ló sábà máa ń mú, torí ooru bíi ìwọ̀n Celsius 30 ló bá a lára mu. Inú ara gbóná jù fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò ti máa ń kùnà. Ìwọ̀n 37 ni láàbù fi ń gbin kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí lè má hù níbẹ̀ rárá. Kí dókítà kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹja ló gún yín, kí wọ́n gbìn ín ní 30 àti 37, kí wọ́n sì dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, kò lè mú un, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń wá. Nítorí náà, "kò sí" tí láàbù bá kọ kò tíì dá ọwọ́ yín láre. Òwú tí wọ́n fi nu ojú egbò kò tó: ẹran ara ni kí wọ́n gé. Kí wọ́n fi apá kan sínú fọ́málìnì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, kí apá kejì lọ sí láàbù nínú omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ fọ́málìnì, kòkòrò ti kú, kò sí ohun tí wọ́n máa gbìn mọ́.

Torí pé ìka kò ká mọ́, ẹ lọ rí oníṣẹ́ abẹ ọwọ́, ní ilé ìwòsàn eegun Igbobi tàbí LUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó), láìfi falẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n máa ní láti ṣí àpò iṣan, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n á tún yẹ ìtọ̀ ṣúgà àti HIV wò. Bí ọwọ́ bá ṣàdédé gbóná gan-an tàbí ibà gbé yín, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ti oògùn, clarithromycin 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ethambutol 15 mg fún kílò kan ara lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà ń lò. Ẹni tó bá wọn 60 kílò á lo ethambutol 900 mg lójúmọ́. Bó bá ti dé iṣan tàbí oríkèé, wọ́n lè fi rifampicin kún un. Rifampicin máa ń mú ìtọ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì ń ba iṣẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́. Ethambutol lè ṣe ojú ní jàǹbá: bí ẹ kò bá mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé mọ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má lọ gba tábúlẹ́ẹ̀tì alápapọ̀ tí wọ́n ń fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ: isoniazid àti pyrazinamide inú rẹ̀ kì í ran kòkòrò yìí. Ti awọ nìkan máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ti iṣan lè kọjá oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ ṣì máa lò ó fún oṣù kan sí méjì. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró nígbà tí awọ bá pa dé, àrùn á sì padà.

Ẹ lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn. Títí ọwọ́ yìí á fi jinná, ẹlòmíràn ni kó máa bá yín pa ẹja.