Èsì: Páwà pákì wo ló máa gbé RTX 3060?

Bọ̀dá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àwa ará Ṣágámù kan náà ni. Ẹ ní kọ̀ǹpútà géèmù lẹ fẹ́ tò, ẹ wá ń bèèrè páwà pákì, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, tẹ́ẹ máa rà. Káàdì àwòrán RTX 3060 àti prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600 tẹ́ẹ fẹ́ tò pọ̀ yẹn ò jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, káàdì 170W, prósẹ́sọ̀ 65W, Nvidia tó ni káàdì yẹn gan-an ní páwà pákì 550W ti tó, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 850W fún yín. Páwà pákì "700W" olówó pọ́ọ́kú tẹ́ẹ ní ẹ rí yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ yí i padà kẹ́ẹ wo sítíkà ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, tó bá jẹ́ 25A ló wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, 300W péré nìyẹn, 700 wo ló tún kù? Bẹ́ẹ̀ orí 12V yẹn ni káàdì àti prósẹ́sọ̀ ti ń jẹun o.

Ẹ tún wo input ẹ̀, ìyẹn iná tó ń wọlé sínú ẹ̀. Ẹ mọ bí iná wa ṣe ń rí lálẹ́, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ọ̀dọ̀ wa níbí, gílóòbù á kàn pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí ni kẹ́ẹ rà, òun ló lè fara da iná tó lọ sílẹ̀, èyí tó jẹ́ 200-240V lè kú lójijì níbi tẹ́ẹ ti ń gbá géèmù lọ́wọ́. Corsair tàbí Seasonic 550W tó ní 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀), ó parí. Ẹ ya sítíkà ẹ̀ síbí kẹ́ẹ tó sanwó, màá bá yín wò ó.