Ẹ má se ìkòkò méjì nítorí ọkọ yín

Ìyàwó wa, ẹ kú àfaradà. Ẹ ní wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín wò láàárọ̀ kó tó jẹun, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 118, dókítà sì sọ pé kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ó ti dé bèbè rẹ̀. Ẹ wá ń béèrè irú oúnjẹ tí ẹ lè máa sè fún un lọ́tọ̀, torí ó ti fárígá pé òun ò ní jẹ oúnjẹ aláìsàn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má sè é lọ́tọ̀ rárá. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé máa jẹ, kí ohun tó wà nínú ìkòkò náà yí padà.

Ìtọ̀ ṣúgà ló gba ẹsẹ̀ òsì bàbá mi kó tó gba ẹ̀mí wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún wọn pé ṣúgà wọn ń gòkè ni ìyá wa ti ń se oúnjẹ tiwọn sọ́tọ̀, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ lálẹ́, ọbẹ̀ tí kò lépo tí kò lẹ́ran. Àwa yòókù ń jẹ iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àgbà ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń bọ́ gbogbo ilé, tí a wá ń gbé abọ́ aláìsàn ka iwájú rẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀! Kò pẹ́ tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ olóúnjẹ kan lẹ́yìn ọjà, wọ́n á jẹun yó níbẹ̀, wọ́n á wá wálé wá fọwọ́ kan tiwọn. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, títí egbò kékeré kan fi yọ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná.

Nítorí náà, nígbà tó kan èmi náà, tí tèmi jẹ́ 121, ìyàwó mi ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní òun ò ní se ìkòkò méjì nínú ilé kan. Mo ti lé ní 60 báyìí, n kò tíì ní ìtọ̀ ṣúgà, ìpinnu obìnrin yẹn ni mo sì ń tọ́ka sí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí 118 jẹ́, kí ẹ má bàa gbọ́ oríṣiríṣi. Bí èèyàn ò bá jẹun fún wákàtí 8, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 100 lórí òṣùwọ̀n mg/dL, ó dára. Láti 100 dé 125 ni bèbè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 110 ni àwọn dókítà mìíràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Tó bá di 126 sókè, tí wọ́n tún un wò tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ti di àìsàn náà. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rìn láàárín bí oṣù 3 hàn, ìpín 5.7 dé 6.4 nínú 100 ni bèbè tirẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá jẹ́ SS, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tán, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, torí àyẹ̀wò yẹn lè parọ́ fún irú wọn.

Èèyàn lè padà lẹ́yìn kúrò ní bèbè yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 3,234 tó wà ní irú ipò ọkọ yín fún nǹkan bí ọdún 3, wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2002. Àwọn kan nínú wọn ni wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìpín 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Láàárín àwọn wọ̀nyí, ìtọ̀ ṣúgà fi ìpín 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Òun náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ìpín 31 ni òun dín kù. Bí ọkọ yín bá wọn kílò 90, kílò 6 sí 7 là ń sọ yìí. Kì í ṣe pé kó rù títí tí wọn ò fi ní dá a mọ̀ mọ́.

Ó wá kan oúnjẹ. Ẹ ò ní láti lé àmàlà kúrò nílé. Gbogbo ayé ló ń sọ pé kí aláṣúgà máa jẹ wíìtì tàbí ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á ro òkèlè ńlá méjì, á ní òun ń tọ́jú ara òun. Inú ara ni gbogbo wọn ti ń di ṣúgà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sàn díẹ̀ ju fùfú lọ, mi ò bá a jà, àmọ́ bó ṣe pọ̀ tó nínú abọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Nílé wa, òkèlè ẹnikẹ́ni kì í ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni náà lọ. Ẹ̀fọ́ ló gba ìdajì abọ́, ẹ̀fọ́ gidi tí ewé rẹ̀ pọ̀ ju epo lọ. Ẹja, ẹyin tàbí ẹran wà níbẹ̀, a sì máa ń fi ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣáájú kí a tó ki ọwọ́ bọ òkèlè, torí ṣúgà kì í tètè fò sókè tí a bá jẹ ẹ́ báyẹn. Gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà sísè, gbogbo wọn dára. Ìrẹsì náà ń bọ́ sínú abọ́ wa, ẹ̀wà la máa ń pò mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé owó ẹ̀wà ti di nǹkan mìíràn, ẹ̀fọ́ náà sì máa ń wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni ìyàwó mi kó iyẹ̀pẹ̀ sí lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wa ti ń wá. Kò tó oṣù kan àti ààbọ̀ tí a fi ń já tẹ̀tẹ̀.

Ohun tó kúrò nílé wa pátápátá ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti málítì. Ìgò kékeré kan ṣoṣo ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 30, bíi kóró ṣúgà 7, omi sì ni, kì í pẹ́ tó fi wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi náírà 10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Ó kéré jù lójú mi. Bí ẹ bá máa ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí, kí ẹ sì ṣe é fún àwọn ọmọ náà. Ọmọ ẹni tó ti dé bèbè ni wọ́n, ó ti wà nínú ẹbí wọn. Omi ni kí ẹ máa gbé sínú báàgì ilé ìwé wọn. Ọsàn, kí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n má kàn fa omi rẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Àmọ́ kíkorò kì í pa ṣúgà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgbo tó ń fọ ṣúgà fún yín nínú ọkọ̀, kí ọkọ yín wá rò pé òun ti rí ohun tó máa fọ ohun tí òun ń jẹ dànù.

Rírìn ni èkejì, ẹ̀yin gan-an lẹ ó sì mú un jáde. Iṣan ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, ìdí nìyẹn tí rírìn kété lẹ́yìn oúnjẹ fi wúlò gan-an. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni èmi àti ìyàwó mi máa ń jáde, a sì máa ń tètè jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ti pé 150. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ń bi wá bóyá a ní ìjà pẹ̀lú onílé ni. Ibẹ̀ la ti ń sọ ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ àna, gbogbo ohun tí kò ṣeé sọ lójú àwọn ọmọ. Bí àdúgbò yín bá ṣókùnkùn tàbí tí ọ̀kadà ń ṣe wàhálà níbẹ̀, ẹ yí ọgbà ilé po, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ tan orin kí ẹ jó. Bó bá ń mu sìgá, ìyẹn náà ń tì í lọ sínú ìtọ̀ ṣúgà.

Níbi àríyá, ẹ jẹun díẹ̀ nílé kí ẹ tó lọ, kí ó má fi ebi jókòó ti abọ́ ìrẹsì. Omi ni kó bù sí kóòpù rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí ó padà lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 3, lẹ́yìn ìyẹn ó kéré tán lọ́dọọdún. Bí ó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ láìdáwọ́ dúró, tó sì ń rù láìṣe nǹkan kan, kí ó má dúró de oṣù 3 yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ bá a lọ, kí wọ́n yẹ tiyín wò, pàápàá bí ṣúgà yín bá ga rí nínú oyún tàbí tí ẹ bí ọmọ tó ju kílò 4 lọ.