Wọ́n kọ "black tie" sórí IV, ṣé táì dúdú ni wọ́n ń sọ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n télọ̀. Ibi iṣẹ́ wa ní London fẹ́ ṣe dínnà alẹ́, wọ́n wá kọ "black tie" sórí IV. Mo ní súùtù aláwọ̀ eérú kan àti táì dúdú, ṣé ìyẹn ti tó? Àbí kí n kúkú wọ agbádá mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre tó o tètè béèrè, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe gan-an nìyí. Black tie kì í ṣe táì gbọọrọ tá a máa ń so lọ síbi iṣẹ́, bótáì dúdú ni wọ́n ń sọ, odindi ìmúra ló sì ń bá a rìn: kóòtù dúdú tí wọ́n fi sílíìkì tó ń dán bo etí kọ́là ẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tuxedo, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà dúdú tó ń kọ mànà, àti ṣòkòtò tó ní ọ̀já dídán kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Má de bẹ́líìtì sí i o, jọ̀ọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni pé aṣọ fàájì ni kóòtù yìí níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1865 ni Henry Poole, télọ̀ kan ní Savile Row, òpópónà àwọn télọ̀ ní London, rán an fún Ọmọọba Wales, ẹni tó padà di King Edward Keje, kó lè rí nǹkan tó fúyẹ́ wọ̀ jẹun alẹ́ nílé. Kóòtù onírù ni aṣọ òde gidi nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí white tie fi ṣì ga ju black tie lọ títí dòní: bótáì funfun, wéésìkóòtù funfun, ọ̀já méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ síbi àsè ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm.

Ní ti agbádá, wo IV yẹn dáadáa. Tí wọ́n bá fi "or national dress" sí i, wọ agbádá ẹ pẹ̀lú fìlà, ó pé pérépéré, kódà wọ́n gba aṣọ ìbílẹ̀ níbi Nobel yẹn. Tí wọn ò bá kọ ọ́, pe ẹni tó pè ẹ́, kó o bi í. Tó bá ní rárá, lọ háyà black tie, má tíì rà á, ṣáà rí i pé ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yọ díẹ̀ níwájú ọwọ́ kóòtù.

Súùtù eérú yẹn, fi pa mọ́ de ọjọ́ tí IV bá sọ pé "lounge suit", ìyẹn súùtù lásán.