Ẹ̀yìn ọ̀rá ni kí ẹ máa kà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá tó béèrè bóyá bisikíìtì àti ìpékeré inú ọ̀rá tí wọ́n kọ “No Cholesterol” sí dára fún ọmọ iléèwé. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iwájú ọ̀rá yẹn tàn yín. Ara ẹran, ẹyin àti wàrà ni cholesterol, irú ọ̀rá kan, ti ń wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òróró ẹ̀pà ò ní in látilẹ̀, kí ni wọ́n wá yọ níbẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi ló jẹ́ kí n mọ ẹ̀yìn ọ̀rá kà. Dókítà ní ká dín iyọ̀ kù, mo dín in títí ọbẹ̀ fi tẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n kó ìpápánu tí ọkọ mi ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù wá. “Sodium”, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n kọ, wọn ò kọ iyọ̀. Ọ̀kan ní mílígíráàmù 210, àmọ́ gíráàmù 30 péré nìyẹn wà fún, ọ̀rá náà sì jẹ́ 90. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 630. Ẹ wá sọ ìyẹn di ìlọ́po méjì ààbọ̀ kó lè di iyọ̀: mílígíráàmù 1,575, ó lé ní gíráàmù kan ààbọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, tọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí i! Ìgbà tó jáwọ́ níbẹ̀, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ni ara tó dẹ̀ ẹ́.

Níbi tí wọ́n to èròjà oúnjẹ sí lẹ́yìn ọ̀rá, ohun tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Tí ṣúgà bá tẹ̀ lé ìyẹ̀fun gbàgà, ẹ fi sílẹ̀. “Glucose syrup” àti “dextrose”, ṣúgà náà ni. Tí ẹ bá rí “partially hydrogenated”, ẹ má rà á rárá, irú ọ̀rá inú oúnjẹ tó ń ṣe ọkàn léṣe ni. Nọ́ńbà NAFDAC dára, ẹ máa wò ó, àmọ́ kò sọ pé kí ọmọ máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn nọ́ńbà tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E, tí wọ́n fi ń pe àwọn àfikún inú oúnjẹ, ò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo wọn: E300, fítámì C ni.

Ẹ̀pà sísun àti ọsàn láti ọjà Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo ni mo ń dì fáwọn ọmọ tèmi báyìí. Ìpékeré tí wọ́n ń dín ní Old Garage ò ní àkọlé kankan, torí náà òróró inú agbada ni mo ń wò. Tó bá ti dúdú, mo kọjá. Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbà láti máa yọ tèmi sọ́tọ̀ kó tó wọ́n iyọ̀ sí ìyókù.