Igbó Kakum, ìlú Elmina àti odi rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ibo lẹ máa kọ́kọ́ lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ sí Gánà: èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa méjì (ọdún 6 àti ọdún 11), àbúrò mi ọkùnrin, àti ìyá mi tó ti lé ní 65. Accra la máa sùn. A ti háyà mọ́tò fún ọjọ́ kan. Dẹ́rẹ́bà ní òun mọ gbogbo ibẹ̀, pé ká má wulẹ̀ náwó lórí gáìdì. Bí a ṣe tò ó ni pé ká lọ sí etíkun ní Elmina láàárọ̀, ká jẹun, ká wá lọ sí igbó Kakum lọ gun afárá okùn, ká rí erin. Tá a bá ń padà bọ̀, a máa fi bí ìṣẹ́jú 20 wo ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ yẹn, torí ilé òfìfo ni. Ṣé ó máa bọ́ sí i? Ṣé afárá yẹn kì í já?

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ kan tó, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ ṣe tò ó ló dorí kodò. Ohun tó sì dorí rẹ̀ kodò ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹ sọ gbẹ̀yìn: "ilé òfìfo ni." Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mò ń kà nínú ìbéèrè lórí ìbéèrè, mi ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ẹ̀ ká tó dé orí mọ́tò àti afárá.

Odi Elmina kì í ṣe ilé ẹ̀wọ̀n bí ẹ ṣe rò ó. Ilé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó ọ̀daràn sí lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti dá a lẹ́bi. Àwọn tí wọ́n há mọ́ abẹ́ odi yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọjà ni wọ́n kà wọ́n sí, wọ́n kó wọn jọ síbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó dé. Àwọn Potogí ló kọ́ odi náà ní 1482, wúrà ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Kódà, níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ra ẹrú ní apá Benin, nílẹ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí Elmina lọ fi gba wúrà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tó bá ń wọ ẹnu ọ̀nà yẹn, kó má rò pé ìtàn ará Gánà nìkan lòun fẹ́ lọ gbọ́.

Ní 1637 ni àwọn Dutch gbà á. Wọ́n gbé àgbá gun òkè kan tó dojú kọ odi náà, wọ́n ń yìn ín lu àwọn Potogí látòkè títí wọ́n fi juwọ́ sílẹ̀. Òkè ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Àwọn Dutch fúnra wọn kọ́ odi kékeré lé e lórí kí ẹlòmíì má bàa ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe ọmọnìkejì wọn. St. Jago ni wọ́n ń pe odi kékeré yẹn. Lábẹ́ àwọn Dutch ni òwò ẹrú ti gbilẹ̀ ní Elmina, kò sì tó di 1814 kí ìjọba wọn tó fòfin dè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba odi náà lọ́wọ́ wọn ní 1872. Nígbà tó di 1873, wọ́n fi àgbá fọ́ ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà túútúú. Ilẹ̀ gbalasa tí awakọ̀ yín máa páàkì sí nítòsí ibẹ̀, àdúgbò àwọn èèyàn ni tẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, òfìfo kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá mú ohun kan péré nínú ọgbà náà kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń pariwo gáìdì. Tí ẹ bá wọ àgbàlá, ẹ máa rí ilẹ̀kùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àkọ́kọ́ ní ojú atẹ́gùn. Sójà òyìnbó tó bá hùwà tí kò dáa ni wọ́n ń tì mọ́ ibẹ̀, tó bá ti gbọ́n tán, wọ́n á ṣí i sílẹ̀. Lókè ilẹ̀kùn kejì, wọ́n gbẹ́ agbárí òkú àti egungun méjì tó gbé ara wọn kọjá sára ògiri. Inú tibẹ̀ dúdú kirikiri, kò sí ojú fèrèsé. Ẹrú tó bá ṣagídí, tó bá gbìyànjú láti gba òmìnira, ibẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí láìsí oúnjẹ, láìsí omi, títí ẹ̀mí á fi bọ́. Igbọ̀nwọ́ mélòó kan péré ló wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì. Gáìdì sábà máa ń ní kí ẹ wọlé, á wá ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé dẹ́rẹ́bà lásán á gba iwájú ilẹ̀kùn méjèèjì kọjá, á rò pé ilé ìkẹ́rù ni, á ya fọ́tò, á lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàlá àwọn obìnrin, níbi tí gómìnà ti máa ń dúró sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wo àwọn tí wọ́n kó jáde sínú oòrùn, tí yóò nawọ́ sí èyí tó wù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò tóóró tó kọjú sókun, tí èèyàn kan ṣoṣo lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni kan ò bá sọ fún yín pé ọ̀nà inú ọkọ̀ nìyẹn, ẹ máa rò pé ojú fèrèsé ni.

Ẹ̀wọ̀n tí ẹ ń sọ gan-an, ó wà níbẹ̀, òkè ló wà. Yàrá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Prempeh Kìíní, ọba Asante, mọ́ nìyẹn. Wọ́n mú un ní Kumasi ní 1896, wọ́n gbé e wá sí Elmina, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone, wọ́n tún wá gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles ní 1900. 1924 ló tó padà sílé. Ọba ni, kì í ṣe ọ̀daràn, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ọdún 11 yẹn kí ẹ tó débẹ̀, ẹ máa rí i pé òun gan-an lá máa béèrè ìbéèrè jù.

Gbogbo èyí gba wákàtí kan ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 20 kò ní mú yín kúrò ní àgbàlá.

Ó wá ku ti owó gáìdì. Owó gáìdì odi náà sábà máa ń wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà lẹ́nu géètì. Bákan náà ni ní Kakum, wọn kì í jẹ́ kí àlejò dá wọ igbó. Ẹni tí dẹ́rẹ́bà yín ń sọ pé kẹ́ ẹ má sanwó fún, ẹ ti sanwó rẹ̀ tán. Ẹ kàn máa fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Dẹ́rẹ́bà tó mọ ọ̀nà, ọ̀nà ló mọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ fún un ní owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe olùkọ́ yín. Àwọn tí mo tún ń kìlọ̀ fún yín nípa wọn ni àwọn tó ń ta ètò ọjọ́ kan lórí WhatsApp pé "gbogbo owó ti wọlé". Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé owó géètì Kakum wà níbẹ̀? Ti afárá ńkọ́? Ti odi? Oúnjẹ? Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń jìyà. Àlejò láti òkè òkun máa ń san ju ọmọ Gánà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè san díẹ̀. Owó náà ń yí padà, mi ò ní kọ iye kankan síbí. Ẹ pè ṣáájú ọjọ́ náà kẹ́ ẹ béèrè, kí ẹ sì mú káàdì ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dání.

Níta géètì Elmina, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wá bá yín, wọ́n á béèrè orúkọ yín tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí ẹ bá fi máa jáde, orúkọ yín á ti wà lára ìkarahun kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá sanwó rẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má sọ orúkọ, ó parí.

Ó yá, ìrìn àjò gan-an. Igbó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Láàárọ̀ ni ẹyẹ ń ké níbẹ̀, oòrùn kò tíì mú, àwọn bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé kò sì tíì dé. Tó bá di bí aago 11 lọ́jọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ ìsinmi, ẹ lè tò fún wákàtí kan kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan afárá. Ẹ kúrò ní Accra láago 5 ìdájí. Tí ẹ bá jẹ́ kó di aago 6, Kasoa á gbé yín mì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ẹ gba Mankessim dé Cape Coast, kẹ́ ẹ wá yà sí àríwá gba Jukwa lọ sí Abrafo tí géètì igbó wà, nǹkan bí kìlómítà 30. Ẹ máa débẹ̀ ní bí aago 8 ààbọ̀. Ẹ rántí pé aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Tí fóònù yín kò bá yí i fúnra rẹ̀, ẹ yí i.

Afárá náà, ọdún 1995 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀nà méje ló pín sí, gígùn gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 350, ibi tó ga jù tó mítà 40 sílẹ̀, bí ilé alájà 12 sí 13 nìyẹn. Ẹ ń pè é ní okùn, wáyà irin ló gbé e dúró. Àkàbà irin fúyẹ́ ni wọ́n tẹ́ lórí wáyà, wọ́n to pákó lé e, wọ́n sì ta nẹ́ẹ̀tì sí ọ̀tún àti òsì. Ó ń mì torí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ohun tó máa ń dá jìnnìjìnnì bo èèyàn ni àwọn tó ń sáré tàbí tó ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Gáàdì ló ń ka iye ẹni tó máa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, ẹ má dúró láàárín ya fọ́tò, orí pèpéle ara igi ni kẹ́ ẹ ti yà á. Èmi ò lè búra fún yín pé ohun kan ò ní ṣẹlẹ̀ láyé. Gáàdì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló lè sọ, tó bá sì tì í nítorí òjò tàbí atẹ́gùn, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà lòjò ibẹ̀ le jù.

Ọmọ ọdún 6 yẹn, bàbá níwájú, ìyá lẹ́yìn. Kí ẹ tó rà tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè lọ́wọ́ gáàdì bóyá wọ́n á gbà á. Màmá, ní tiwọn, afárá kọ́ ló ń kó ìdààmú bá àwọn àgbà, òkè tí wọ́n máa gùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ooru inú igbó sì máa ń mú èèyàn làágùn gan-an. Tí eékún bá ń dùn wọ́n tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ẹ bi dókítà wọn kí ẹ tó gbéra. Kò sí ohun tó burú tí wọ́n bá jókòó sísàlẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú àbúrò yín. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀, sílípáàsì á yọ̀ lórí òkúta. Omi, oògùn ẹ̀fọn, àpò tí ẹ lè gbé kọ́ àyà.

Erin? Ó wà nínú igbó náà, èyí tó kéré ju ti pápá lọ. Ṣùgbọ́n igbó ọ̀hún fẹ̀ tó nǹkan bíi 375 kìlómítà níbùú lóròó, erin kì í sì í wá síbi tí igba èèyàn ti ń pariwo lójú mọmọ. Ẹni tó bá ṣèlérí erin fún yín, owó yín ló ń wá.

Tó bá di aago 11, ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹun ní Cape Coast tàbí kẹ́ ẹ dúró dé Elmina. Kẹ́ńkẹ́ àwọn Fante, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ máa fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ẹja díndín àti ata. Ẹ má ṣe fi odi Cape Coast kún un lọ́jọ́ kan náà. Lóòótọ́, wọn kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo méjèèjì lọ́jọ́ kan, bí ẹni tó lọ ilé òkú méjì ni, kò ní rántí èyí tó ṣe.

Kí aago 2 ọ̀sán bá yín nínú odi Elmina. Tí ẹ bá dé lẹ́yìn aago 3, wọ́n lè má rí gáìdì tó máa mú yín dé gbogbo ibẹ̀ mọ́. Ọmọ kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú òkùnkùn. Kí ẹnì kan ti ṣètò láti gbé e jáde sí àgbàlá. Kí àwọn tó ga máa tẹ orí ba, ẹnu ilẹ̀kùn ibẹ̀ kúrú.

Ìlú Elmina fúnra rẹ̀, etí ọ̀sà Benya ni kẹ́ ẹ ti wò ó, lórí afárá tó wà níwájú odi. Àwọn ọkọ̀ apẹja aláràbarà máa ń fún mọ́ra wọn níbẹ̀, obìnrin á gbé ẹja sórí, ariwo á gba ojú ọ̀run. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Kì í ṣe ọjọ́ Túsìdeè o: ọjọ́ yẹn, wọn kì í lọ sókun, èèwọ̀ ni. Tó bá jẹ́ Túsìdeè nìkan lẹ rí, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ló máa wà níbẹ̀, ẹja kò ní sí.

Pásípọ́ọ̀tì àti yẹ́lò káàdì, kí tàwọn ọmọ náà má gbẹ́yìn. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ rìn láìmú ìwé dání, àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà máa ń béèrè.

Ẹ kúrò ní Elmina láago 4, kó pẹ́ tán kó jẹ́ aago 4 ààbọ̀. Tí àkókò bá ti lọ, òkè St. Jago ni kẹ́ ẹ yọ kúrò. Ẹ má yọ ìṣẹ́jú kankan nínú ti odi.