Ta ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) wẹ́bùsáìtì tí ọmọ ìjọ bá ìjọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹni tó ṣe é ló ni ín. Ní Nàìjíríà, ẹni tó jókòó kọ kóòdù, tó to ojú ìwé rẹ̀, ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022 mọ̀ ní onínǹkan, bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Ti òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló yàtọ̀: ohun tó bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ló ni ín, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́.

Pé pásítọ̀ ló ní kó ṣe é kò yí i padà. “Mo ti fún yín” tó fẹnu sọ lẹ́yìn ìsìn náà kò tó. Gbígbé ẹ̀tọ́ fúnni gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Àmọ́ ìjọ lè máa lò ó, torí àṣẹ ìlò lásán lè jẹ́ àfẹnusọ, ìṣe onítọ̀hún sì lè fi hàn pé ó fọwọ́ sí i.

Fọ́tò tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó yà á. Orúkọ dóméènì, ìyẹn àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé orí wẹ́bùsáìtì náà, tún lọ́tọ̀: ọwọ́ ẹni tó forúkọ ara rẹ̀ gbà á ló wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìjọ náà buwọ́ lu ìwé tó fi gbé ẹ̀tọ́ fún ìjọ báyìí tí ẹ ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín.